Ogún Tí Ihò Wà Lára Rẹ̀: TalkTalk, Marriott àti Àwọn Sáfà Tí Wọ́n Jogún

Bí bàbá bá kú nílẹ̀ Yorùbá, ẹbí á jókòó. Wọ́n á ka oko, wọ́n á ka ilé, wọ́n á béèrè ẹni tó jẹ bàbá lówó, wọ́n á sì béèrè ẹni tí bàbá jẹ ní gbèsè. Ì báà jẹ́ ìdí-igi ni wọ́n fẹ́ fi pín ogún náà, ì báà jẹ́ orí-ò-jorí, kò sí ẹni tó lè gba ilé kó sì ní gbèsè tó wà lórí ilé kò kan òun. Ẹni tó jogún ohun-ìní ti jogún ọ̀ràn tó so mọ́ ọn.

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni ogún? Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ra òmíràn, tó wá jẹ́ pé olè ti wà nínú ilé kó tó gba kọ́kọ́rọ́, ta ló yẹ kó jẹ́jọ́? Ìtàn méjì la ó fi dáhùn: ti TalkTalk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ti Marriott tó ra Starwood ní Amẹ́ríkà. Èrò wa ni pé nínú méjèèjì, ajogún kọ́ ló lu ihò náà. Síbẹ̀ ẹ̀bi rẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé àkókò tó wà láàrin ìgbà tó gba ilé àti ìgbà tó yẹ ilé wò ni olè rí lò.

Kí ni sáfà, kí sì ni ihò?

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi fóònù yẹ èsì ìdánwò yín wò, fóònù yín ló béèrè, sáfà ló dáhùn. Ó dà bí akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn fèrèsé ní ọ́fíìsì: a kì í rí fáìlì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èsì tó fà jáde la ń rí. Nítorí náà, ẹni tó bá jogún sáfà kò jogún irin àti wáyà nìkan. Ó jogún àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn tó wà nínú fáìlì rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí wọ́n ti fún ní kọ́kọ́rọ́ rí, títí kan àwọn tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri sáfà máa ń lanu ní ọ̀nà mẹ́ta tó wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni ètò tó ti gbó, tí àwọn tó ṣe é ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò fi àtúnṣe náà sí i. Ìkejì ni ojú ewé tó ń gba ohunkóhun tí àlejò bá kọ, láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkẹta ni kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ.

Ṣùgbọ́n ogún ní wàhálà kan tí ilé tuntun kò ní. Ẹni tó kọ́ ilé fúnra rẹ̀ lè ṣọ́ ògiri kó má baà lanu. Ẹni tó jogún kò lè dúró lórí ìyẹn nìkan, nítorí ó ṣeé ṣe kí ògiri ti lanu kó tó dé, kí aláǹgbá sì ti yé ẹyin sínú yàrá. Iṣẹ́ méjì ló wá di dandan fún un: kó wá ibi tí ògiri ti lanu, kó sì wá ohun tó ti gba ibẹ̀ wọlé. Ìtàn TalkTalk dá lórí iṣẹ́ àkọ́kọ́, ti Marriott dá lórí ìkejì.

Bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ láti yẹ ilé ara wọn wò

Kí a má baà rò pé kò sí ohun èlò láti fi yẹ sáfà wò nígbà tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣẹlẹ̀, ó yẹ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1988, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell, tú ètò kan sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Iye tí wọ́n sábà máa ń fojú bù ni 6,000 kọ̀ǹpútà, nígbà tí gbogbo èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju nǹkan bí 60,000 lọ. Kò lo idán kankan. Ó gba inú ètò tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ àti ètò tó ń sọ ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ wọlé, ó sì ń méfò pásíwọ́ọ̀dù tí kò le. Lóṣù yẹn kan náà ni wọ́n dá ọ́fíìsì CERT sílẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon, kí ibì kan lè wà tí àwọn ènìyàn yóò ti máa kéde ihò fún ara wọn.

Ẹni tó yí ìrònú padà lẹ́yìn ìyẹn ni Dan Farmer. Ó kọ́kọ́ ṣe ètò kan tí ń jẹ́ COPS nígbà tó wà ní Yunifásítì Purdue, èyí tó ń yẹ inú kọ̀ǹpútà wò fún àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀. Ní ọdún 1993, òun àti Wietse Venema, ará ilẹ̀ Netherlands, kọ àpilẹ̀kọ kan tí kókó rẹ̀ rọrùn: bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé rẹ dára, gbìyànjú láti fọ́ ọ fúnra rẹ, wò ó bí olè ṣe ń wò ó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1995, àwọn méjèèjì gbé ètò SATAN jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń lọ káàkiri àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, yóò sì kọ àkójọ ibi tí ògiri ti lanu.

Ariwo sọ. Àwọn kan ní wọ́n ti fi ìbọn lé ọmọdé lọ́wọ́. Farmer pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Silicon Graphics. Wọ́n tilẹ̀ fi ètò kékeré kan kún un fún àwọn tí orúkọ náà bá dẹ́rù bà, èyí tó ń yí SATAN padà sí SANTA. Ṣùgbọ́n ayé kò parẹ́, àwọn tó ń ṣọ́ sáfà sì rí i pé ohun tí olè lè rí, ó yẹ kí onílé ti rí i ṣáájú. Nmap tẹ̀ lé e ní 1997, Nessus tẹ̀ lé e ní 1998. Ní 1999, àkójọ CVE bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń fún ihò kọ̀ọ̀kan tí a bá mọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹni tó wà ní Tokyo àti ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè mọ̀ pé ihò kan náà ni àwọn ń sọ.

Kí ẹ fi èyí sọ́kàn: nígbà tí ìtàn TalkTalk fi bẹ̀rẹ̀, ohun èlò àyẹ̀wò ti wà lọ́jà fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá.

TalkTalk: ojú ewé mẹ́ta tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ní

Ní ọdún 2009, TalkTalk, tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ra ẹ̀ka Tiscali tó wà níbẹ̀. Àwọn oníbàárà Tiscali di tirẹ̀, àwọn sáfà náà di tirẹ̀. Lára ẹrù náà ni ojú ewé mẹ́ta kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn wọn ni àkójọ orúkọ àwọn oníbàárà wà. Ètò MySQL tó ń tọ́jú àkójọ náà ti gbó. Ihò kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn tó ṣe é ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Kò sí ẹni tó fi sí i, nítorí kò sí ẹni tó rántí pé ojú ewé náà wà.

Láàrin ọjọ́ 15 sí 21 oṣù kẹwàá ọdún 2015, àwọn olè gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀nà tí wọ́n lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní SQL injection, a sì lè fi mẹ́gáàdì ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ ní kí mẹ́gáàdì máa béèrè orúkọ àlejò, kó sì máa pariwo rẹ̀ sínú ilé. Ọ̀pọ̀ àlejò á ní Àjàní ni òun, tàbí Bísí. Lọ́jọ́ kan ni àlejò kan dé, tó ní orúkọ òun ni “Ẹ-kó-gbogbo-ẹrù-jáde.” Mẹ́gáàdì pariwo rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, àwọn ará ilé sì kó ẹrù jáde. Ẹ̀bi mẹ́gáàdì kọ́ tán. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ kò kọ́ ọ pé kó mọ ìyàtọ̀ láàrin orúkọ àti àṣẹ. Láti ọdún 1998 ni àwọn ènìyàn ti ń kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí ní gbangba.

Wọ́n kó orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì àwọn oníbàárà 156,959. Fún 15,656 nínú wọn, nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì wọn bá a lọ. Nígbà tí Ọ́fíìsì Kọmíṣánnà Ìròyìn, ìyẹn ICO, wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn. Ẹnìkan ti gba ojú ewé kan náà wọlé ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún yẹn, ẹnìkan sì tún gbìyànjú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. TalkTalk kò mọ̀, nítorí wọn kò ṣọ́ ojú ewé tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ní. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ọmọ ọdún 17 kan wà lára àwọn tó jẹ̀bi, ó sì ní ńṣe lòun ń ṣe fọ́rífọ́rí fún àwọn ọ̀rẹ́ òun.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ICO bu owó ìtanràn £400,000 lé TalkTalk lórí, èyí tó pọ̀ jù lọ tí ọ́fíìsì náà tíì bù títí di ìgbà yẹn. Òfin ìgbà náà kò sì gbà wọ́n láyè láti kọjá £500,000. Ohun tó ṣe pàtàkì fún ìbéèrè wa ni ìdí tí wọ́n fi dá a lẹ́bi. Wọn kò ní TalkTalk ló kọ ojú ewé náà. Wọ́n ní láti ọdún 2009 tó ti jogún rẹ̀, kò yẹ ogún náà wò dáadáa láti mọ ewu tó wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko nìyẹn.

Marriott: olè tó ti ń gbé inú ilé kí wọ́n tó rà á

Starwood ni ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ Sheraton, Westin, St. Regis àti Le Méridien. Ẹni tó bá ti gba Ìkejà kọjá mọ Sheraton. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2015, Marriott kéde pé òun fẹ́ ra Starwood. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Starwood fúnra rẹ̀ kéde pé olè ti wọ inú ẹ̀rọ ìsanwó ní díẹ̀ lára àwọn òtẹ́ẹ̀lì òun ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi kún un pé kò sí àmì pé ó kan ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ń gba yàrá sí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nígbà náà ni pé olè mìíràn ti wà níbẹ̀ gan-an fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ní oṣù keje ọdún 2014, wọ́n ti fi ètò kékeré kan pamọ́ sórí ẹ̀rọ Starwood tó jẹ́ kí wọ́n lè máa pàṣẹ fún un láti òkèèrè. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rìn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lo Mimikatz, ètò tó ń ṣa pásíwọ́ọ̀dù jáde nínú kọ̀ǹpútà tó bá wà ní títàn, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ àwọn òṣìṣẹ́ gidi wọ yàrá mìíràn. Nígbà tí wọ́n ti ń wọ aṣọ òṣìṣẹ́, ta ni yóò mọ̀ wọ́n ní olè?

Ìrajà náà parí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Marriott pinnu pé ètò ìgbayàrá tòun ni gbogbo òtẹ́ẹ̀lì yóò máa lò, ti Starwood yóò sì kógbá wọlé tó bá yá. Ṣùgbọ́n kíkó òtẹ́ẹ̀lì tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan láti orí ètò kan sí òmíràn kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, nítorí náà sáfà Starwood ń bá iṣẹ́ lọ fún ọdún méjì sí i. Ní tiwa, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti jọ ilé ẹbí jù lọ. Ilé tí wọ́n bá ti ní àwọn máa wó, kò sẹ́ni tó ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe mọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ṣì ń sùn níbẹ̀.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni àṣírí bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ètò kan tó ń ṣọ́ àkójọ orúkọ àwọn àlejò kígbe, nítorí ẹnìkan béèrè iye ìlà tó wà nínú tábìlì kan. Ìbéèrè náà wá láti orí àkáǹtì ọ̀gá kan tó ní àṣẹ. Wọ́n bi ọ̀gá náà, ó ní òun kọ́. Arne Sorenson, tó jẹ́ olórí Marriott nígbà náà, ròyìn èyí níwájú ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù kẹta ọdún 2019. Marriott pe àwọn olùwádìí láti ìta. Wọ́n rí ètò tí olè fi ń darí ẹ̀rọ láti òkèèrè, wọ́n rí Mimikatz. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n rí ipasẹ̀ fáìlì méjì tí olè ti dì, tó ti sọ di ẹnà, tó sì ti pa rẹ́. Nígbà tí wọ́n tú ẹnà náà, wọ́n bá orúkọ àwọn àlejò àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2018, Marriott kéde fún aráyé. Wọ́n kọ́kọ́ ní ó lè kan ènìyàn tó tó 500 mílíọ̀nù. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ orúkọ tó wà lẹ́ẹ̀mejì kúrò, wọ́n ní kò ju 383 mílíọ̀nù àkọsílẹ̀ lọ. Nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù mílíọ̀nù 5.25 wà níbẹ̀ ní ìhòòhò, láì sí ẹnà kankan lórí wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ẹnà ní kíláàsì mọ iṣẹ́ rẹ̀: kí ẹni tó gbọ́ má baà mọ ohun tó gbọ́. Mílíọ̀nù 20.3 nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù mìíràn wà tí wọ́n ti fi ẹnà bò. Èyí fi hàn pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọn kò kàn ṣe é dé ibi gbogbo ni. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà nàka sí China pé àwọn ló wà nídìí rẹ̀, China sì ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ta ló jẹ̀bi?

Àwíjàre Marriott kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Olè ti wọlé ní 2014, wọ́n ra ilé ní 2016. Àti pé nígbà tí ìrajà kò tíì parí, ilé-iṣẹ́ méjì tó ń bá ara wọn díje kò lè tú inú ẹ̀rọ ara wọn wò bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tó fẹ́ ra ilé lè yí i ká, ó lè béèrè ìwé, ṣùgbọ́n onílé kò ní jẹ́ kó tú àjà kó tó sanwó.

ICO ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gba ẹjọ́ náà nítorí àwọn àlejò tó wá láti Yúróòpù, kọ́kọ́ ní òun fẹ́ bu £99 mílíọ̀nù lé wọn ní oṣù keje ọdún 2019, wọ́n sì sọ nígbà náà pé Marriott kò ṣe ìwádìí tó nígbà tó ń ra Starwood. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2020, iye náà ti wálẹ̀ sí £18.4 mílíọ̀nù. Wọ́n ro àtúnṣe tí Marriott ti ṣe, wọ́n sì ro ohun tí àrùn kòrónà fi ojú àwọn òtẹ́ẹ̀lì rí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dì mú nínú ìdájọ́ ìkẹyìn ló yẹ ká fi ojú sí. Kì í ṣe ọdún 2014 ni wọ́n bá Marriott wí lé lórí. Láti ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018, nígbà tí òfin GDPR bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni wọ́n ti ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀: kò ṣọ́ àwọn àkáǹtì tó ní àṣẹ ńlá tó bó ṣe yẹ, kò ṣọ́ àkójọ orúkọ náà tó, kò dí ohun tó lè ṣiṣẹ́ lórí àwọn sáfà pàtàkì, kò sì fi ẹnà bo gbogbo ohun tó yẹ kó bò.

Lójú tiwa, ìdájọ́ yìí bá òye àwọn baba wa mu ju bí a ṣe lè rò lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ ṣẹ̀wọ̀n fún ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti wọ ilé, tó ti ń gba owó iyàrá lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, ògiri tó bá wó lu ayálégbé ti di tirẹ̀. Ayálégbé kò mọ bàbá. Ọmọ ló ń fún lówó. Àwọn tó sùn ní Sheraton lọ́dún 2017 kò mọ ìgbà tí olè wọlé, Marriott sì ni wọ́n fi pásípọ́ọ̀tù wọn sí ní ìkáwọ́.

Níbi tí àwa ti fẹ́ bá àwọn tó ń gbèjà Marriott gbà ni pé ìyàtọ̀ wà láàrin rẹ̀ àti TalkTalk. Ihò ti TalkTalk, ètò àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ lásán lè rí i láàrin wákàtí díẹ̀, bí ẹnìkan bá kàn tọ́ka ètò náà sí ojú ewé yẹn. Olè ti Starwood ń rìn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ gidi. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í rí olè, ihò ló ń rí. Ẹni tó bá fẹ́ rí olè gbọ́dọ̀ ka ìwé àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, kó sì béèrè lọ́wọ́ olúwarẹ̀, bí wọ́n ṣe béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn, “Ṣé ìwọ ni?” Ìbéèrè kékeré yẹn ló tú ọdún mẹ́rin palẹ̀. Wọ́n ti lè béèrè rẹ̀ ní 2016.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní kí àwọn báǹkì gbé owó ìdókòwò wọn ga, báǹkì 89 di 25 ní ìparí ọdún 2005. Skye Bank nìkan jẹ́ àpapọ̀ báǹkì márùn-ún, Co-operative Bank tí àwọn ará Ìbàdàn mọ̀ dáadáa sì wà lára wọn. Skye Bank fúnra rẹ̀ di Polaris Bank ní 2018. Àkáǹtì tí bàbá àgbà kan ṣí pẹ̀lú ìwé àjẹsẹ́kù rẹ̀ ti gba ọwọ́ olówó méjì tàbí mẹ́ta kọjá kó tó dé ọwọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ lónìí. Irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ogún, sáfà sì wà nínú ogún.

Láti ọdún 2023, òfin ààbò dátà ilẹ̀ wa ti ní bí ohun tó lè pa àwọn ènìyàn lára bá ṣẹlẹ̀ sí dátà wọn, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ tó ń mójú tó o. Òfin yẹn kì í béèrè ẹni tó kọ́kọ́ kọ ìwé náà.

Ó sì kan àwa náà. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pààrọ̀ olórí lọ́dọọdún. Àwọn tó ń lọ á fún àwọn tó ń bọ̀ ní pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì, ojú-òpó ẹgbẹ́, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gba orúkọ àti nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Sáfà kékeré nìyẹn, ogún sì ni. Ohun tí ìtàn méjèèjì kọ́ wa kò le:

Ẹ kọ́kọ́ ka ẹrù. Ẹ kọ gbogbo ojú ewé, fọ́ọ̀mù àti àkáǹtì tí ẹgbẹ́ ní sílẹ̀, pàápàá èyí tí kò sẹ́ni tó lò ó mọ́. Ojú ewé mẹ́ta tí wọ́n gbàgbé ló kó bá TalkTalk.

Ẹ ka kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó ti kàwé jáde kò nílò àṣẹ mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa tí a bọ̀wọ̀ fún. Ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ní ọjọ́ tí ẹ bá gba ipò.

Ẹ wo ọjọ́ orí àwọn ètò, kí ẹ sì fi àtúnṣe tó bá ti jáde sí wọn. Bí ẹ bá fẹ́ lo ètò àyẹ̀wò, ohun tó jẹ́ tiyín ni kí ẹ lò ó lé lórí, pẹ̀lú àṣẹ nínú ìwé. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 kò mọ “mo kàn ń ṣe àyẹ̀wò” bí ẹ bá wọ ẹ̀rọ ẹlòmíràn láì gbàṣẹ.

Ẹ ka àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé, kí ẹ sì béèrè nípa orúkọ tí kò bá yé yín.

Ẹ sun ohun tí kò wúlò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn kò ní kí a máa tọ́jú nọ́ńbà wọn títí láé. Ohun tí kò bá sí nínú ilé, olè kò lè gbé e.

Kò sí èyí tó gba ju ọjọ́ kan lọ nínú wọn. Ìdáhùn wa sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn náà: ajogún kò jẹ̀bi ihò tó bá nílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti gba kọ́kọ́rọ́ ni aago ti ń lù fún un. TalkTalk jẹ́ kó lù fún ọdún mẹ́fà, Marriott fún ọdún méjì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán, àìtètè mólè, olè ń mólóko.